Ẹ́ńjìnì Tó Ń Mí

Ẹnu Bàbá Ọláòṣebìkan, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ àkàwé yìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ògún, ọdún 2013 ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní pálọ̀ ilé wa. Oyèkúnlé, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Oyèkúnlé ti di ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì nígbà náà. Èmi àti ìyàwó Bàbá nìkan ni a tún wà níbẹ̀. Bàbá ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì kò ṣàjèjì sí i. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí abúlé òkè odò ti máa ń yà. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Etí rẹ̀ mọ ẹ́ńjìnì: bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, á ti sọ ibi tó ń dùn ún kó tó dúró. Ẹ̀wẹ̀, kì í parọ́. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló tú, kò ní sọ pé gbogbo ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́. Bí nǹkan kò bá sì ní í ṣiṣẹ́ mọ́, á ní kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́, bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ ń sunkún. Òun fúnra rẹ̀ a máa wí pé, "Ẹnu mi yìí, irọ́ kò gba ibẹ̀ jáde rí." Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dún kan, ìjọba gbé òfin jáde nípa èéfín ọkọ̀. Òfin náà kò burú. Èéfín ti pọ̀ jù ní ìlú náà; àwọn ọmọdé ń wúkọ́, aṣọ funfun tí ènìyàn bá sá sẹ́bàá ọ̀nà á ti dúdú kó tó gbẹ. Wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ̀rọ á wọn bí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sì gbé nọ́ńbà jáde. Bí nọ́ńbà bá kéré, wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì iwájú. Bí ó bá pọ̀, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbé èrò títí wọ́n á fi tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò tó, wọ́n wá pín ẹ̀rọ náà fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Wọ́n fún ọkùnrin yìí ní ọ̀kan nítorí pé gbogbo ìlú ní kì í parọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ mọ́kànlélógún ló wọ ọgbà rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni kò yege. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kò sì fún wọn ní sítíkà. Awakọ̀ kan tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án dúró, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ náà.

"Ọ̀gá, nǹkan tó dà bí kẹ́tù tíì yìí lẹ fẹ́ torí rẹ̀ febi pa àwọn ọmọ mi?"

"Èmi kọ́. Ríìngì ẹ́ńjìnì rẹ ló ti jẹ."

"Ṣé òní ló jẹ ni? Láti ọdún méjì lẹ ti ń sọ pé kí n máa bu ọ́ìlì kún un."

"Òfin kò sí nígbà yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìwàásù o, Pásítọ̀ Èéfín."

Àwọn tó jókòó lórí táyà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù méjì yòókù kò le bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ á wọlé, á mu omi tútù, kó tó jókòó dáadáa, sítíkà á ti wà lójú gíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, koríko ti ń hù nínú ipa táyà tó wà nínú ọgbà ọkùnrin tí kì í parọ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìkan ni ìjọba fún ní ẹ̀rọ ni, tí ẹ̀yin nìkan fi ń bá èéfín jà?" Ọkùnrin náà ń wo koríko náà.

Jẹ́ kí n la ohun tó ṣe lẹ́yìn náà yé ọ, Oyèkúnlé, nítorí ìwọ kì í ṣe awakọ̀.

Bí ríìngì inú ẹ́ńjìnì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, bá jẹ, agbára iná tó yẹ kó ti písítìnì nìkan á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnì. Ikùn yẹn á kún fún èéfín. Bí o bá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, wàá rí i tó ń fẹ́ jáde, fúù, fúù, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Àwa onímọ́tò máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì yẹn ti ń mí. Ọ̀rọ̀ burúkú ni lẹ́nu wa. Ẹ́ńjìnì tó yè kì í mí. Èyí tó bá ti ń mí, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Róbà kan wà tó ń gba èémí náà padà sẹ́nu ẹ́ńjìnì, kí ẹ́ńjìnì lè tún un jó. Òun ló ń di èéfín búlúù tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde, tí àwọn ará ìlú fi ń wúkọ́. Bí ènìyàn bá tú róbà yẹn níbi tí wọ́n so ó mọ́, tó yí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, tó sì dí ojú ibi tó ti tú u, sàlẹ́ńsà á mọ́. Ẹ̀rọ ìjọba á gbé nọ́ńbà kékeré jáde. Irọ́ kọ́ ni nọ́ńbà náà. Ohun tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde ló wọn. Ṣùgbọ́n èéfín náà kò kú. Ọ̀nà míì ló gbà. Sàlẹ́ńsà ni òfin bi léèrè. Kò bi abẹ́ ìjókòó.

Ohun tí ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn. Ó máa ń tú róbà, ó máa ń yẹ ọkọ̀ wò, ó sì máa ń lẹ sítíkà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí irọ́ gba ẹnu òun jáde, nítorí náà kò sí ọkọ̀ kan tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ fún ẹni tó ń wà á pé, "Ẹ́ńjìnì yín ń mí o." Àwọn awakọ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n á ní, "Kó máa mí ná, ọ̀gá. Bí kò bá mí mọ́, a ó sin ín." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣí fèrèsé ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n á máa lọ. Ẹni tó bá rí ọ̀nà á wá pààrọ̀ ríìngì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Koríko kú nínú ọgbà. Kò sẹ́ni tó pè é ní Pásítọ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí pé ó sọ fún wọn, wọ́n sì gbọ́.

Obìnrin kan wà ní ìlú yẹn tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi bọ́ọ̀sì kékeré kan sílẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lójú ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn. Bọ́ọ̀sì náà jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà láàárín àwọn ìjókòó iwájú, tí wọ́n fi páànù bò mọ́lẹ̀. Olùkọ́ mẹ́jọ ni ó máa ń gbé lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òkè odò láàárọ̀, tí ó sì máa ń kó bọ̀ lọ́sàn-án. Nínú iṣẹ́ yẹn ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti ń jẹun. Kò ní iṣẹ́ míì.

Àwọn olùkọ́ náà fẹ́ràn rẹ̀. Kì í sáré, kì í sì í bá wọn jà bí wọ́n bá pẹ́. Olùkọ́ ìṣirò kan wà láàárín wọn, ọmọbìnrin kúkurú tí òtútù máa ń tètè mú. Orí páànù ẹ́ńjìnì ló máa ń jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ móoru. Àwọn tó wà lẹ́yìn a máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ kú ìyáná o!"

"Ẹ má jowú mi," á ní. "Ẹni tó bá kéré nìkan ni ibi ìdáná ń gbà."

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò bọ́ọ̀sì náà pé, obìnrin náà kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tètè lẹ sítíkà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí kì í parọ́ ni ó lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ọkọ̀ òun ṣe wà gan-an, nítorí àwọn ènìyàn tí òun ń gbé.

Mẹkáníìkì náà ti mọ̀ kó tó ṣí páànù. Ó ti gbọ́ ọ nígbà tó ń yà wọlé. Ó ki ọ̀pá bọ sàlẹ́ńsà, nọ́ńbà náà ga ju èyí tí òfin gbà lọ. Obìnrin náà jókòó lórí àgbá ọ́ìlì, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, bí kò bá yege ńkọ́?"

"Wọ́n á tú u palẹ̀. Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Àwọn olùkọ́ yẹn á ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíì. Wọn kò ní padà sọ́dọ̀ mi mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àánú rẹ̀ ṣe é, má sọ pé kò ṣe é. Ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn: àánú àti ìbẹ̀rù koríko ló pa pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì lè mọ èyí tó ń ti ọwọ́ òun. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú róbà, ó yí ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó tún ki ọ̀pá bọ sàlẹ́ńsà. Nọ́ńbà wálẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì lẹ sítíkà.

"Ìyá, ọkọ̀ yín ti yege."

"Háà, Ọlọ́run ṣeun! Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún mi o. Gbogbo ayé ní ẹ kì í parọ́."

"Ẹ́ńjìnì ń mí."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó bá ṣì ń mí, kò tíì kú nìyẹn. Ẹ ṣé o. Ọkọ mi kò ṣì yín yàn."

Mẹkáníìkì náà la ẹnu. Ó rí ẹ̀rín yẹn. Ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ajórin kan, tí àwọn kan ń pè ní wẹ́dà, wà nínú ọgbà náà, àgbàlagbà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Ọ̀gá, ìyá yẹn kò gbọ́ o."

"Mo sọ fún un."

"Ẹ sọ ọ́, mo gbọ́. Mo ní òun kò gbọ́."

"Ṣé mo parọ́ ni?"

"Ẹ kò parọ́."

"Ó tán nìyẹn."

Ajórin náà wo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì gbà lọ, ó fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń bá irin rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn olùkọ́ náà nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹnì kan ní ebi ni, òmíràn ní oòrùn ni. Obìnrin náà máa ń gbóòórùn èéfín nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wo ẹ̀yìn nínú dígí, kò rí èéfín kankan lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Bẹ́ẹ̀ rèé, tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń rú bí ààrò. Ó rò pé ọkọ̀ òun ti sàn ni. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé mẹkáníìkì náà ní ilé epo.

"Ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé òórùn èéfín ń wọlé bá wa díẹ̀."

"Ẹ máa ṣí fèrèsé, ìyá. Ẹ́ńjìnì tó ń mí ń fẹ́ atẹ́gùn."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Màá máa ṣí i."

Ọkùnrin náà padà sílé, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin náà sì ń ṣí fèrèsé lóòótọ́, títí òjò fi dé. Òjò ọdún yẹn le. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, wọ́n dé etí odò, omi ti bo afárá. Ọkọ̀ kò lè kọjá, ẹsẹ̀ kò lè kọjá, òjò sì ń na ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Obìnrin náà kò pa ẹ́ńjìnì, nítorí pé bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Bí ó bá pa á, kò ní dáhùn mọ́, inú igbó ni wọ́n á sì wà. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ kí omi fà. Olùkọ́ ìṣirò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí páànù, ó fi ìborùn bo orí. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin yẹn ń ka ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ń fi bírò pupa fa ìlà sí wọn. Ẹnì kan lẹ́yìn ní oorun ń kun òun. Òmíràn ní kó máa sùn, òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò rọlẹ̀, àgbẹ̀ kan tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ rí bọ́ọ̀sì náà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Èéfín ti kun gíláàsì láti inú. Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi ọkọ́ fọ́ gíláàsì, ó sì ké sí àwọn ará abúlé.

Wọ́n rí àwọn mẹ́fà tó wà lẹ́yìn jí, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ti dáadáa. Wọ́n rí obìnrin náà jí pẹ̀lú, nítorí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í gòkè dé ìparí. Wọn kò rí olùkọ́ ìṣirò jí. Wọn kò rí olùkọ́ àgbà jí. Ìwé ọmọ kan ṣì wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀.

Àwọn aṣojú ìjọba wá ṣèwádìí. Wọ́n yẹ sítíkà wò, ó pé. Wọ́n yẹ ìwé mẹkáníìkì wò, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ tọ̀nà. Wọ́n tún ki ọ̀pá bọ sàlẹ́ńsà bọ́ọ̀sì náà, ohun tó wà nínú ìwé náà ni ẹ̀rọ gbé jáde. Wọ́n rí róbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú òfin tí wọ́n ti dárúkọ róbà. Wọ́n wá pe mẹkáníìkì síwájú obìnrin náà.

"Ṣé o sọ fún un pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò dáa?"

"Mo sọ fún un. Mo ní ẹ́ńjìnì ń mí."

Wọ́n pe mẹkáníìkì mìíràn, wọ́n ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́ láti inú, kò sì yẹ kí ènìyàn jókòó tì í láìṣí fèrèsé. Wọ́n kọjú sí obìnrin náà.

"Ìyá, ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Obìnrin náà wo mẹkáníìkì náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti kìlọ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀, ó sì ṣe àìgbọràn. Wọ́n gba ìwé ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì lọ. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n sin àwọn olùkọ́ méjèèjì, obìnrin náà fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n rò pé yóò ṣépè ni. Kò ṣépè. Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.

"Ọ̀gá, ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí yín, ìyá."

"Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́?"

Ọkùnrin náà mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ajórin náà wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kì í parọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí ẹ sọ fún mi nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Ó yí padà, ó lọ. Kó tó di ìparí oṣù, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní ìlú. A kò gbọ́ ibi tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹkáníìkì náà wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba. Ó ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ òun padà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ mú ìwé jáde.

"Ẹ ní ẹ sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ń mí. Ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, kì í ṣe irọ́."

"Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Kí wá lẹ fẹ́ yí padà, bàbá?"

Gbogbo ohun tó fẹ́ yí padà ló jẹ́ òótọ́. Akọ̀wé dá ìwé padà sínú dúrọ́ọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti sọ̀rọ̀ kan fún awakọ̀, awakọ̀ náà á bi í pé, "Ọ̀gá, èyí tí ẹ sọ yìí, ṣé èdè mẹkáníìkì ni àbí tiwa?" Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà padà fún ìjọba, kò sẹ́ni tó dúpẹ́, kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí. Nílé pàápàá, bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé báwo ni ara, tó ní ara le, ìyàwó náà á wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìtumọ̀. Ó wà láàyè fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà. Ajórin yẹn sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lóòjọ́ kò tó ogún. Kò sì sí irọ́ kan nínú wọn.

Oyèkúnlé, ìwọ ni mo ń bá wí.

Ní oṣù tó kọjá, a jọ lọ sí ilé bàbá ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́. Ọkùnrin náà bi ọ́ níṣojú mi pé, "Ṣé kò sí obìnrin kan nílé rẹ?" O ní, "Kò sí obìnrin kankan nínú ilé mi, sà." Òótọ́ lo sọ. Ìyàwó rẹ wà ní ilé àwọn òbí rẹ̀, níbi tó lọ bímọ sí, kò sì tíì padà wá. Ẹ kò tíì kọ ara yín. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí kóòtù lónìí, ọ̀rọ̀ rẹ á dúró.

Ṣùgbọ́n o rí bàbá yẹn. O rí bí ojú rẹ̀ ṣe tú ká, tó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ fún àna òun. O mọ ohun tó gbọ́. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo mọ ohun tó gbọ́, mo sì jẹ iyán rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò ní í dì í rù ọ́.

Má bi ara rẹ mọ́ bóyá ohun tí o sọ jẹ́ òótọ́. O ti dáhùn ìyẹn, kò sì wúlò. Bi ara rẹ ní ohun tí o mọ̀ pé ọkùnrin náà gbọ́, tí o sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ tí o bá a sọ. Òun náà ni wọ́n á sì gbé ọmọ wọn lé lórí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kò ní í dùn bí o bá lọ sọ ọ́. Wọ́n lè lé wa jáde. Ọmọbìnrin yẹn lè má fẹ́ rí ojú rẹ mọ́ láé, ìyàwó tó wà ní ilé òbí rẹ̀ náà sì lè gbọ́, kí ó má padà wá. N kò ní oúnjẹ aládùn kankan tí mo fẹ́ fi tàn ọ́. Dìde, kí o lọ sọ ọ́ ní èdè tí bàbá náà gbọ́. Màá bá ọ lọ.

Oyèkúnlé àti Bàbá jọ lọ sọ ọ́ fún bàbá ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ìdílé ọmọbìnrin náà dá gbogbo ẹrù ìtọrọ padà, wọ́n sì tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́ oṣù Ògún, ọdún 2013.